Ògiri Iná

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹnikẹ́ni bá wà lórí fóònù tó ní kí ẹ pa nǹkan kan, ẹ má tíì nawọ́. Ẹ kọ́kọ́ ní kó ṣàlàyé bí nǹkan náà ṣe rí. Ẹ má kàn béèrè ibi tó wà. Ibi tó wà nìkan ni Bàbá Káàdì béèrè.

"Ó tún ti dá a padà," ló wí fún fóònù tó gbé sórí tábìlì, tí ohùn rẹ̀ ń jáde sí gbangba. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà nílé ìwòsàn ojú, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan kó má baà ṣèèṣì tẹ nǹkan. "Ó ní ọ́pdéètì náà kò wọlé, kí n tún gbìyànjú. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbìyànjú, Ẹnjiníà. Àbí kò mọ̀ pé èmi kan náà ni?"

"Ẹ fara balẹ̀, Bọ̀dá."

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni Ẹnjiníà. Òun ló ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn náà láti ẹ̀ka wọn kejì. Nígbà tí wọ́n kó káàdì oníbébà àwọn aláìsàn, èyí tí Bàbá Káàdì ń tọ́jú, kúrò nílẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, òun ló lọ bẹ̀ wọ́n pé bàbá náà á kọ́ kọ̀ǹpútà. Bàbá náà ti ń kọ́ ọ láti ìgbà yẹn. Ohun tó mọ̀ jù nínú ẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń nu ojú rẹ̀.

Lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn rẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan di ojú, wọ́n ti kán oògùn sí i. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un láàárọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà ni àwòrán ojú rẹ̀ wà, kọ̀ǹpútà sì ti taku pé òun ò ní ṣí àwòrán kankan àfi tí òun bá kọ́kọ́ gba ọ́pdéètì, àtúnṣe tuntun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i.

"Mo ti rí ohun tó ń ṣe é," ni Ẹnjiníà wí. "Ògiri iná ló dí i lọ́nà. Òun ló ń ṣọ́ ohun tó ń ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé. Kò mọ ọ́pdéètì yìí rí, ló ṣe ń lé e padà."

"Ògiri wo ló ń lé nǹkan?"

"Ẹ má da ara yín láàmú. Mo ti gbé e síwájú yín látibí. Ẹ pa ògiri iná náà díẹ̀, kí ọ́pdéètì wọlé, ká tún tan án padà. Ẹ má jẹ́ kí Dókítà gbọ́ o. Wọ́n ti ní ẹni tó bá pa á, ilé ló ń lọ."

"Níbo ló wà?"

"Apá ọ̀tún yín gan-an. Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ó wo apá ọ̀tún. Ògiri ló wà níbẹ̀. Lára ògiri náà ni súìṣì ńlá tó ń gbé iná fún gbogbo ilé wà, èyí tí wọ́n ti kìlọ̀ pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó wò ó, ó wo fóònù, ó tún wò ó. Ògiri nìyí. Iná nìyí. Kí Dókítà má sì gbọ́, ìyẹn náà bá a mu.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Bọ̀dá, ẹ ṣáà pa á."

Ó dìde, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀.

Fáànù rọra dúró. Kọ̀ǹpútà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú.

"Ṣé ẹ ti pa á?"

"Mo ti pa á."

"Ó dáa. Kí lẹ rí lójú kọ̀ǹpútà báyìí?"

Bàbá Káàdì bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ara mi."

"Ara yín báwo?"

"Orí mi àti fìlà mi. Ó dúdú."

"Bọ̀dá, kí lẹ pa?"

"Ògiri iná. Iná ara ògiri. Ohun tí o ní kí n pa."

Obìnrin tó jẹ́ dókítà àgbà níbẹ̀ ti yọ sí wọn, ó ṣì wọ ìbọ̀wọ́. "Ta ló pa iná? Ẹ tan án."

Bàbá Káàdì tan án. Iná dé, fáànù yí. Kọ̀ǹpútà kọ lẹ́tà funfun díẹ̀ sójú dúdú, ó tún kú.

"Bàbá Káàdì, ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kan ibẹ̀?"

Ó wo fóònù. Ẹnjiníà ti kúrò lórí rẹ̀. Bóyá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló já, bóyá àyà Ẹnjiníà ló já, kò mọ̀.

"Mo gbọ́ wọn, Dókítà," ni ìyá orí bẹ́ǹṣì wí. "Ojú ni mo dì, mi ò di etí. Ẹnì kan ló ní kí wọ́n pa ògiri iná, kí ẹ má sì gbọ́."

"Ògiri iná," ni Dókítà wí. Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀, kò yọ tán. "Ẹ̀yin wá lọ pa iná ògiri. Ta lẹni náà?"

Títí di ìsinsìnyí, Bàbá Káàdì kò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Èyí tó yé e ni pé ẹnì kan máa lọ ilé lónìí, àti pé ìyàwó rẹ̀ á bi í léèrè àbúrò òun nírọ̀lẹ́.

"Èmi ni mo pa á, mà."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ pa á. Ta ló rán yín?"

Ìyá náà tún fẹ́ lanu. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni Bàbá Káàdì wí. Ó mú fóònù, ó tì í bọ àpò. Ó jókòó padà, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan.

"Ọwọ́ mi ló pa á, mà. Ẹ lè ní kí n máa lọ ilé. Mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́."