Etí Ìbaaka

Láti ìgbà èwe ni Verna ti ń fi ìbaaka kó oúnjẹ àti ayùn wọ igbó ọba ní Montana, fún àwọn tó ń tún ọ̀nà ibẹ̀ ṣe. Kì í mú ìbọn dání. "Béárì ló nilé," ló máa ń wí, "àlejò ni wá."

Lọ́sàn-án yìí, àwọn ìbaaka dúró gbagidi. Verna sọ̀ kalẹ̀, ó kọjú sí wọn. Gbogbo etí wọn nà sínú igbó lápá òsì.

"Onílé ti dé!" ọkọ rẹ̀ fi í ṣẹ̀fẹ̀ láti ẹ̀yìn.

"Pa ẹnu ẹ dé, Bàbá Wade!"

Etí wọ̀nyẹn ń yí díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń tọ ohun tí ojú kò rí. Nígbà tí wọ́n dúró, gbogbo wọn dojú kọ òun gan-an.

Ohùn ọkọ rẹ̀ gbọ̀n. "Ìyá Wade, jọ̀ọ́, má wẹ̀yìn."