Ẹni Tí Yóò Dáná Ni Kó Yan Kúkà

Nígbà tí Adéníran fẹ̀yìn tì ní káńsù Ọ̀jọ́, ohun tó rò ni pé òun yóò máa jókòó sí fàráńdà ilé òun ní Ìbà, òun yóò máa ka ìwé ìròyìn, òun yóò sì máa dá sí ọ̀rọ̀ àwọn onílé àdúgbò. Kò rò ó rárá pé ọbẹ̀ ni òun yóò máa sè. Ṣùgbọ́n Yéwándé, ìyàwó rẹ̀, ṣì ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìjànìkin, ọ̀nà Àgbádárìgì kì í sì í fi ẹni sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin náà wọlé, ó jókòó sórí àga tòun ti báàgì lọ́wọ́. Kí Adéníran tó bu omi dé, oorun ti gbé e lọ. Kò jẹun. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Adéníran ṣa ẹ̀wà, ó gbé e kaná.

Ẹ̀wà náà jóná. Èyí tó tẹ̀ lé e, iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Yéwándé jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó mu omi lé e, ó sì kí i kú iṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ Adéníran mọ́ ọn. Ó mọ ìgbà tí epo gbóná tó, ó mọ ìgbà tí ata ti gbẹ tán tí ó yẹ kí ẹja wọlé, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ro láfún tí kì í ní kókó.

Ohun kan ṣoṣo ni kò mọ bí òun ṣe máa ṣe: kí àwọn èèyàn mọ̀. Ní agbo ilé tí wọ́n bí i sí ní Ọ̀jọ́, ọkùnrin tí wọ́n bá rí níbi ìkòkò kò ní bọ́ lẹ́nu ará ilé títí ọjọ́ ikú. Tó bá ń sebẹ̀, yóò ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, yóò fa kọ́tìnì. Tí àlejò bá yin ọbẹ̀, á ní ìyàwó òun ló sè é. Yéwándé á wo inú àwo rẹ̀, á máa jẹun lọ.

Nígbà tó yá, omi tó ń jò láti ara ẹ̀rọ omi jẹ́ kí kábọ́ọ̀dù ilé ìdáná wọn jẹrà, èéfín sì ti sọ òkè àjà di dúdú. Wọ́n gbà láti tún ilé ìdáná náà ṣe. Bíríkìlà lẹ táìlì, ó sì fẹ fèrèsé lójú sí i. Ó wá ku kúkà tí wọn yóò máa fi dáná. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n múra ọjà Alábà. Yéwándé ki ìkòkò irin ńlá tí wọ́n fi ń ro láfún bọ inú àpò. Ó ní òun kò ní ra kúkà tí ìkòkò òun kò bá jókòó lé dáadáa.

Kamaldeen, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n yà sí, mọ ọ̀rọ̀ sọ. Yéwándé ló sì kọjú gbogbo rẹ̀ sí. Ó fi èyí tó jẹ́ gíláàsì dúdú hàn án, tó ń dán bíi dígí, tó jẹ́ pé ìka ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Iná mànàmáná ló ń lò, kò léèéfín. Adéníran rò ó nínú ara rẹ̀ pé tí wọ́n bá mú iná lọ, ṣé ọbẹ̀ á dúró dè wọ́n? Ṣùgbọ́n ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo fáànù òkè bí ẹni tó kàn sin ìyàwó rẹ̀ wá. Kamaldeen tún fi kúkà gáàsì kan hàn wọ́n, tó ní ófùn nísàlẹ̀. Yéwándé fi ojú bi ọkọ rẹ̀ léèrè. Fáànù ló ṣì ń wò.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí Àlhájì Sherif wọlé, alága ẹgbẹ́ onílé tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwọn. Kẹ́tùlù ló wá rà. Wọ́n kíra wọn. Ìgbà yẹn gan-an ni Kamaldeen bèèrè pé, "Mọ́mì, èwo ni ká gbé?"

Yéwándé kò gbé ohùn sókè. "Èmi kọ́ ni mò ń dáná nílé wa. Bàbá Ìfẹ́ ni. Àwọn ni kí o bi."

Ilẹ̀ ì bá lanu, Adéníran ì bá wọlé sí i. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, kò rí ẹ̀sín níbẹ̀. Bí obìnrin náà ṣe máa ń ṣe ojú nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ Ìfẹ́, ọmọ wọn, ló ṣe é. Ó ń fi òun yangàn ni. Adéníran bẹ̀rẹ̀, ó yọ ìkòkò nínú àpò, ó gbé e lé kúkà gáàsì náà, ó sì di etí rẹ̀ mú bí ẹni tó ń ro láfún. Kúkà mì.

"Èyí kò lè gba láfún," ló wí.

Ó ní kí wọ́n gbé èyí tó wà ní igun wá, tí irin orí rẹ̀ nípọn, tí ojú iná kan sì fẹ̀ láàárín. Ó bèèrè bóyá gáàsì rẹ̀ máa ń pa ara rẹ̀ tí atẹ́gùn bá fẹ́ iná kú, nítorí fèrèsé àwọn ti fẹ̀ báyìí. Kamaldeen bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Dádì, ó sì ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà ní igun náà ni wọ́n rà.

Bí wọ́n ṣe ń dì í, Àlhájì fà á sí ìta, lábẹ́ ìbòòji ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó Àlhájì ti kú ní àsìkò òjò tó kọjá.

"Adéníran," ó ní, "láti ìgbà tí Ìyá Fàwáz ti lọ, tíì àti búrẹ́dì ni mò ń jẹ lálẹ́. Ojú ń tì mí láti sọ fáwọn ọmọ. Ṣé ọbẹ̀ sísè nira ni?"

"Kò nira, Àlhájì. Ó kàn fẹ́ kéèyàn dúró tì í ni." Lẹ́yìn náà ni Adéníran sọ fún un bí òun ṣe ń fa kọ́tìnì. Àlhájì mi orí, ó ní òórùn ọbẹ̀ náà kì í jẹ́ kí òun gbádùn búrẹ́dì òun.

Ọkùnrin kan láti Òkòkòmáíkò ló wá so gáàsì náà, ó fi ọṣẹ híhó dán an wò bóyá ó ń jò. Kò jò. Nígbà tí Sátidé mìíràn pé, Àlhájì dé pẹ̀lú ẹja gbígbẹ nínú ọ̀rá. Adéníran fún un ní ọ̀bẹ àti àlùbọ́sà, omi sì ń dà lójú Àlhájì pòròpòrò. Ó gé ṣọkọ jákujàku bí ẹni tó ń gé koríko ewúrẹ́. Adéníran kò bá a wí. Àmọ́ wọ́n jiyàn gan-an lórí irú, ìgbà tó yẹ kó wọ inú ọbẹ̀, títí ata fi fẹ́ máa lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, tí Adéníran sáré dín iná kù.

Yéwándé ti ìpàdé ilé ìwé dé. Adéníran gbọ́ ìró sálúbàtà rẹ̀. Obìnrin náà kò yọjú sí ilé ìdáná. Ó jókòó sí pálọ̀, ó na ẹsẹ̀, ó bèèrè bóyá oúnjẹ ti jinná.

"Ó kù díẹ̀, Ìyá Ìfẹ́," ni Àlhájì Sherif dá a lóhùn láti ìdí kúkà.