Búlúù Tí Kò Bọ́ Lójú Felician

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe èṣù búlúù lórí òkè Paramin yìí! A ò tíì bí búlúù tó máa bá mi mọ́jú Ọjọ́rú Eérú. Omi kan, ọṣẹ kan, ó parí!"

Bí Felician ṣe fọ́nnu nìyẹn lọ́jọ́ Ajé kánífà, tó po búlúù ìfọṣọ mọ́ òróró, tó fi kunra látorí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, tó wá ń ké ramúramù lé àwọn àlejò kiri títì, bí àwọn eléré èṣù búlúù ṣe máa ń ṣe.

Àárọ̀ Ọjọ́rú, Eulalie ìyàwó rẹ̀ ti lo ọṣẹ mẹ́ta, ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́rin àti kànìnkànìn tuntun. Ọrùn mọ́. Apá mọ́. Ṣùgbọ́n imú, iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ṣì rí bí ojú ọ̀run tí òjò ṣú sí.

"Rọra! Imú ni, kì í ṣe ìkòkò!"

"Ìkòkò ì bá ti mọ́."

Felician wo dígí, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń lo oògùn sí ọkàn rẹ̀ tó máa ń lù ségesège. Ṣé ọkàn náà ló fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀? Àbí èṣù tó ń fi ṣeré ló ti wọlé jókòó? Agogo Máàsì sì ti ń dún. Báwo ni yóò ṣe gba eérú síwájú orí búlúù lójú gbogbo ìjọ?

Táńtì Ursule, aládùúgbò wọn, yọjú lójú fèrèsé. "Felician, kánífà ti parí o. Àwọn èṣù yòókù ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Táńtì, ẹ jọ̀ọ́, mò ń kú lọ!"

"Pósí funfun ni kó o rà, Eulalie. Búlúù máa ń hàn dáadáa lára funfun."

Felician já ìgò oògùn gbà lórí tábìlì. "Oògùn yìí ni! Ó di inú ṣáláńgá!"

Eulalie gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ọkọ rẹ̀ sínú jíìpù, ó di ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì Indra gbé ẹ̀rọ lé e láyà. Ó gbọ́ ọ títí. Ó wá wo ìgò oògùn tí Eulalie nà sí i.

"Ọkàn yín ń lù dáadáa. Oògùn yìí ló kun ojú yín, oòrùn ló sì ń bá a kun ún. Ṣé a ò ní kẹ́ ẹ máa dé fìlà lóko ni?"

"Fìlà máa ń gbóná."

"Pósí náà máa ń gbóná. Ẹ má dá oògùn yìí dúró fúnra yín o! Òun ni ò jẹ́ kí ọkàn yín ṣìwà hù. Dókítà á rí yín lọ́sàn-án, bóyá á pààrọ̀ ẹ̀. Àwọ̀ yẹn á máa ṣí díẹ̀díẹ̀, ó lè ju ọdún kan lọ."

"Ju ọdún kan!" Felician fò dìde. "Á jẹ́ pé mi ò ní ra búlúù lọ́dún tó ń bọ̀ nìyẹn!"

"Ọṣẹ mẹ́ta!" Eulalie figbe ta. "Ọkọ mi tójú ẹ̀ ń dán títí di ìjẹta!"

"Rárá, mà," Nọ́ọ̀sì dáhùn. "Látìgbà Kérésìmesì ni imú wọn ti rí bẹ́ẹ̀. A rò pé wọn kì í wẹ̀ ni."