Kọ̀ǹpútà Tó Kọ́ Ẹrù Kíká Lọ́dọ̀ Màmá Aránṣọ

Màmá Aránṣọ sún etí mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ àyà aláìsàn. "Krrr, krrr," ni nǹkan kan ń ké nínú rẹ̀. Àwòrán ẹ̀wù ìyàwó kan, abala ogójì, ni Màmá fẹ́ ṣí, ẹ̀rọ sì dákú. Lọ́sàn-án yìí ni àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ń bọ̀ wá gbé e lọ sí ààtàn. Ó ní òun á ra tuntun. Tuntun kẹ̀? Ọdún méjì gbáko ni Màmá fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ògbólógbòó yìí!

"Kí ló ń ké bẹ́ẹ̀ yẹn?" ó bi ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe jẹun.

"Dísìkì ni, Màmá. Mẹ́mọ́rì ni tábìlì tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Tó bá kún, á sáré kó ẹrù lọ sí dísìkì, bí ẹni ń lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Tó bá tún nílò ẹ̀, á sáré lọ gbé e wá."

"Orí ẹ̀ kò kú nígbà náà, ìrìn ló ń pa á! Kí ló dé tí kò ká ẹrù náà, kó tẹ̀ ẹ́ pọ̀ sórí tábìlì níbẹ̀?"

Ọmọ náà wò ó tìyanu-tìyanu. "Línúùsì, ètò tó ń darí ẹ̀rọ yín yìí, mọ̀ ọ́n ṣe, Màmá. Zram ni wọ́n ń pè é. Ẹrù tí kò lò lọ́wọ́ ló máa ká. Kíká àti títú gba agbára díẹ̀, ṣùgbọ́n ó yá ju eré àsápajúdé lọ."

"Ó yá, fún ẹrù kíká ní àyè tó tó mẹ́mọ́rì lọ́nà mẹ́ta!"

"Màmá, ìyẹn ti pọ̀ ju…"

"Ṣé ìwọ lo bí mi ni?"

Ọmọ ṣe é. Wọ́n tún ẹ̀wù náà ṣí. Krrr kò ké mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rọ dì gbagidi.

Màmá wo ẹ̀rọ, ó wo ara rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bí mo ṣe fipá kó ìdí yìí sínú síkẹ́ẹ̀tì tí mo rán lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn láàárọ̀ yìí nìyẹn! Ó wọlé, ṣíìpù pa, àmọ́ mi ò lè mí, mi ò lè bẹ̀rẹ̀. Ẹrù kíká ti gba gbogbo tábìlì, ẹ̀rọ kò rí ibi tí á tú u sí!"

"Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn, Màmá."

"Ìdajì mẹ́mọ́rì ńkọ́?"

Wọ́n pa á, wọ́n tún tàn án, wọ́n fi í sí ìdajì. Bí àkọ́bí ṣe ń wọlé ni abala ogójì tò rẹrẹ lójú ẹ̀rọ.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ dà?"

"Ó ń ṣiṣẹ́. Jókòó kó o wò ó."

Ọkùnrin náà wò ó títí, ó họ orí. "Màmá… ẹ̀rọ ńlá ọ́fíìsì wa, tí gbogbo wa jọ ń lò, òun náà ń ké krrr látọjọ́ Ajé."

Màmá ti dìde. "Gbé wa lọ síbẹ̀. Àmọ́ ní sùúrù, jẹ́ kí n kọ́kọ́ bọ́ síkẹ́ẹ̀tì yìí."

Bí mọ́tò tó wá gbé kọ̀ǹpútà ṣe gbé Màmá lọ nìyẹn.