Ìlú Tí A Jọ Yàn

Kẹ̀kẹ́ ọmọ náà kọ̀, kò wọ inú ẹ̀rọ agbéniròkè. Nieves tì í síwájú, ó fà á sẹ́yìn, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó fi orúnkún gbá a. Gael, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, jókòó sínú kẹ̀kẹ́ náà bí ọba, ó ń fi bàtà lu irin rẹ̀, ó ń kígbe pé, "Tún un ṣe! Tún un ṣe!"

"Ẹni tó tà á fún wa ni n ó tún ṣe," ni Nieves dá a lóhùn.

Ó nà ró, ó nu òógùn ojú, bẹ́ẹ̀ ìrì dídì òwúrọ̀ Soria, ìlú wọn, ṣì wà lára gíláàsì fèrèsé. Bí kẹ̀kẹ́ tuntun yìí bá kọ ẹ̀rọ tiwọn níhìn-ín, ta ló mọ̀ bóyá yóò gba ti ilé tí wọ́n háyà ní Valencia? Àjà kẹrin ni ilé ọ̀hún wà. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì ń lọ, kí wọ́n lè lo Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ níbẹ̀.

Láti ìgbà òtútù ni òun àti Fermín ọkọ rẹ̀ ti ń ṣètò ìsinmi yìí. Bí wọ́n bá ti palẹ̀ oúnjẹ mọ́, wọn a tẹ́ àwòrán ìlú náà sórí tábìlì, Nieves a sì máa fi ìka tọ ọ̀nà. Ó ní ọmọdé kì í rin ìlú bí àgbà. Ohun kan láàárọ̀, oorun ọ̀sán, ohun kan nírọ̀lẹ́, ó tán. Ibi gbogbo tí wọ́n bá máa lọ gbọ́dọ̀ ní ibòji àti ilé ìtọ̀ nítòsí. Bí Candela, ọmọbìnrin wọn àgbà, bá máa fajú ro níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, ẹ má tíì dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì fún un rárá. Ẹja ńlá funfun tó wà nínú ilé ìwòran ẹja ni kí ẹ máa sọ. Bó bá débẹ̀ tán, kó tó mọ̀, ó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Fermín a rẹ́rìn-ín títí. Ọkùnrin yìí, tó jẹ́ pé láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, "Bó bá ṣe wù ọ́" ni gbogbo ìdáhùn rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ìrìn àjò, lọ́dún yìí ó fa àga mọ́ ọn, ó gbé apá lé e léjìká. Bilbao ni Nieves kọ́kọ́ dá lábàá. Fermín ló ní rárá, ẹ jẹ́ ká wá oòrùn lọ. Òun ló sọ nípa ọgbà tí wọ́n ṣe sí ibi tí odò ń gbà tẹ́lẹ̀, tí ọmọdé lè sáré níbẹ̀ tí ọkọ̀ kankan kò ní kọjá. Òun náà ló ní kí wọ́n má dé sí àárín ìgboro, kí wọ́n wá ilé sí Benimaclet, níbi tí àwọn ará ìlú gan-an ń gbé. "Ṣé o lè gbé irú àdúgbò báyìí?" ló bi í lọ́jọ́ kan, tó ń wo ojú rẹ̀. Nieves ní, "Ta ni kò ní lè gbé ibẹ̀?" Ìdùnnú àwọn ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn kò kéré. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ fẹ́ nǹkan kan náà.

Ó wá nọ́ńbà obìnrin tó ni ilé náà jáde nínú fóònù rẹ̀. Fermín ni í máa bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Fermín wà ní ilé iṣẹ́ ìlagi, kò sì sí bí ó ṣe lè gbọ́ fóònù láàárín ariwo ayùn.

"Ẹ̀rọ agbéniròkè kẹ̀?" ni obìnrin náà dáhùn. Vicenta lorúkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti dàgbà. "Ó fẹ̀ o, ọmọ mi! Pósí ọkọ mi gan-an gba inú rẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà sanra. Àbí ìwọ ni ìyàwó Fermín?"

"Èmi ni, mà."

"Háà! Láti ìgbà tí mo ti ń retí ohùn rẹ! O fẹ́ ọkọ gidi. Nígbà tó wá lóṣù kejì, kò sí fèrèsé tí kò ṣí wò. Ó ní, 'Doña Vicenta, ìyàwó mi kì í fẹ́ ilé tó ṣókùnkùn.' Mo ti bá ọ̀gá ilé ìwé tó wà ní kọ̀rọ̀ wa sọ̀rọ̀ nípa ọmọbìnrin yín, ó ní àyè wà. Ẹ wá lo ọ̀sẹ̀ yìí, kí ojú yín mọ ilé. Tó bá fi máa di oṣù kẹsàn-án tí iṣẹ́ ọkọ rẹ níbí máa bẹ̀rẹ̀, ẹ ti di ará ilé."

Gael nawọ́ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ náà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ pa dé, ó ṣí, ó tún pa dé.

"Ẹ ń gbọ́ mi?" ni Vicenta wí.

"Mo ń gbọ́ yín, mà. Ẹ ṣé. Ó fẹ̀ tó, ìyẹn náà ni mo fẹ́ mọ̀."

Lóṣù kejì, Fermín ní òun ń lọ sí Zaragoza, pé wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn ní bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ tuntun. Nígbà tó dé, oòrùn ti pa imú rẹ̀ pọ́n. Nieves fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ṣé orí òrùlé ni wọ́n ti kọ́ wọn ni.

Ó gbé ọmọ, ó gba ilé ìyá rẹ̀ lọ. Kò jìnnà, ẹ̀yìn ọjà ni. Gbogbo ọ̀nà ni ó ń ronú bí òun yóò ṣe sọ ọ́ tí ìyá arúgbó kò fi ní ṣubú lulẹ̀. Visitación, ìyá rẹ̀, ń dín torrija, búrẹ́dì tí wọ́n ti rẹ sínú mílíìkì. Òórùn òróró àti sínámọ́nì gba ilé kan.

"Màmá, Fermín ti gba iṣẹ́ sí Valencia."

Ìyá rẹ̀ fi fọ́ọ̀kì yí búrẹ́dì kan dà, ó yí èkejì.

"Ó ti wá sọ fún ọ," ló wí.

Kò bi í. Ó kàn wí i ni. Nieves fi ọwọ́ kan di tábìlì mú.

"Ẹ mọ̀?"

"Ó fẹ́ kó o kọ́kọ́ rí ìlú náà. Ó ní bó o bá gbọ́ kó o tó rí i, wàá kọ̀. O mọ ara rẹ, o lágídí."

"Láti ìgbà wo?"

"Kí lo máa fi ìyẹn ṣe? Láti Kérésìmesì. Àyà ọmọ yìí ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Nieves. Òtútù ibí yìí kò bá a lára mu. Dókítà sọ ọ́ lójú ẹ̀yin méjèèjì."

"Ó sọ ọ́ lójú èmi náà! Kí ló dé tí ẹ ò fi bá èmi sọ̀rọ̀?"

Ìyá pa iná ààrò. Nígbà tó yíjú padà, omi ti lé sí i lójú. "O rò pé ó dùn mọ́ mi? Ta ni ẹ ń fi sílẹ̀ níbí? Mo bá a pa á mọ́ra torí mo rò pé oore ni mo ń ṣe yín."

Nieves wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ tí ṣúgà lẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà tó yé e dáadáa. Bí òun ṣe ń ṣètò Gael àti Candela ni wọ́n ti ń ṣètò òun. Ẹ má tíì dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì fún un. Ẹ fi ẹja hàn án. Ẹ jẹ́ kó sùn dáadáa, ẹ fún un ní nǹkan dídùn, kó má baà ké. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n orí tirẹ̀ wà níbẹ̀ o, lórí ọrùn rẹ̀, lórí tábìlì kan náà. Wọ́n ń fá a, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó tún rántí àwọn ìyá arúgbó tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ ní lílúwẹ̀ẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní adágún ìjọba. Ọdún méjì ni ó fi bẹ ọ̀kan nínú wọn kó tó ki ojú bọ omi. Kò fi ipá tì í sínú omi rí. Ó dúró dè é ni.

Kò jẹ torrija. Ó lọ mú Candela ní ilé ìwé, ó padà sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù sínú ọkọ̀.

Fermín dé láti ibi iṣẹ́, ó ń súfèé, eruku igi wà ní bèbè ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin arìnrìn-àjò, ṣé ẹ ti ṣetán?"

"Báwo ni Zaragoza ṣe rí lóṣù kejì?" ni Nieves bi í. Ó ní kí àwọn ọmọ wọnú ọkọ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Ìsúfèé náà dúró. Fermín wo ọkọ̀, ó wo ilẹ̀. "Vicenta," ló wí.

"Vicenta kò ṣẹ̀ mí."

"Etí òkun ni mo fẹ́ ti sọ fún ọ. Mo ti mọ ibi tá a máa jókòó sí gan-an."

"Lẹ́yìn tí mo bá ti rí ẹja."

"Nieves, àyà Gael..."

"Má fi ọmọ bojú. Mo mọ àyà Gael, èmi ni mo máa ń gbé e jókòó tó bá ń wúkọ́."

"Mo bi ọ́!" Ohùn Fermín ga díẹ̀. "Mo bi ọ́ ṣé o lè gbé ibẹ̀, o ní ta ni kò ní lè gbé ibẹ̀. Ẹnu rẹ lo fi sọ ọ́."

"Ìsinmi lo bi mí. Ìgbà tí mo dáhùn tán, o mú ìdáhùn mi lọ sí ibòmíràn." Ó na ọwọ́ sí i. "Fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀."

Fermín yọ ọ́ lápò, ó fún un. "Ká ní mo sọ fún ọ látìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ṣé wàá gbà?"

Nieves gba kọ́kọ́rọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Èmi ńkọ́?" ni Fermín wí, nígbà tó rí i tó ń wọlé sí ìdí ọkọ̀. "Èmi ò ní lọ ni?"

"Ìwọ ti lọ ná."

Candela lẹ imú mọ́ gíláàsì ọkọ̀. "Papá ò bá wa lọ?"

"Papá àti èmi ń bínú síra wa," ni ìyá rẹ̀ sọ fún un. "Àwọn ẹja ò bá wa jà ní tiwọn."

Ó wa ọkọ̀. Candela kọrin títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, ni Nieves ń wí nínú ara rẹ̀, ó wí i títí ọ̀rọ̀ náà kò fi nítumọ̀ mọ́. Wọ́n kọjá Teruel. Wọ́n dúró kí Gael tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, afẹ́fẹ́ tútù sì lé wọn padà sínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín òkè, títí ilẹ̀ fi tẹ́jú tí ojú ọ̀run sì fẹ̀. Ooru mú nínú ọkọ̀. Nieves ṣí fèrèsé.

Òórùn kan wọlé. Ó dùn, ó nípọn, ó gba gbogbo inú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Mámà," ni Candela wí, oorun ṣì wà lójú rẹ̀, "ta ló fín lọ́fínńdà?"

Oko ọsàn ló wà lọ́tùn-ún lósì, òdòdó funfun bo gbogbo igi. Nieves yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pa ẹ́ńjìnnì. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ pupa lórí ewé. Ọkùnrin kan ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ lójú ọ̀nà oko, ó juwọ́ sí wọn bí ẹni tó ti mọ̀ wọ́n rí, Candela sì juwọ́ padà. Nieves mí sínú, ó tún mí sínú. Kò mọ ìgbà tí omijé dé.

Òun ì bá gbà. Òun ì bá pariwo lọ́jọ́ kìíní, òun ì bá bínú fún ọ̀sẹ̀ kan, òun ì bá sunkún nítorí ìyá òun àti àwọn arúgbó inú omi. Lẹ́yìn náà, òun ì bá tẹ́ àwòrán ìlú náà sílẹ̀ fúnra òun, kí òun wá ilé ìwé. Ká ní ó kàn bi òun ni.

"Mámà, ṣé a ti dé?"

"Ó kù díẹ̀," ni Nieves wí, ṣùgbọ́n kò tíì tan ọkọ̀.