Aago tí Bàbá Lazare Fi Ń Gbọ́ Ohùn Ẹ́ńjìnnì

Ọ̀gá Bachirou ka nọ́ọ̀tì náà lẹ́ẹ̀mẹta níṣojú mi, bẹ́ẹ̀ èmi mọ̀ pé wọn kò ní ẹ̀bi kankan. Ó tò wọ́n sórí àpò sìmẹ́ńtì kan ní gáréèjì rẹ̀ ní Adjamé, ní Abidjan, ó mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi èékánná tọ́ ojú rẹ̀ wò, ó sì dá a padà sí àyè rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Rover Bàbá Lazare wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ti tú u palẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá irin tó ń ti písítìnnì lọ sókè sódò ti ṣẹ́ sí méjì, ó sì ti lu ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì náà ní ihò tó tó ìkúùkù.

“Túndé,” ó pè mí, “ìwọ tó o mọ̀wé, wò ó. Janvier, oṣù kìn-ín-ní, ni mo dì wọ́n, ọwọ́ ara mi ni mo fi dì wọ́n. Ṣé nọ́ọ̀tì tí mo bá dì dáadáa á kàn dìde tú ara rẹ̀ ni?”

“Ó máa ń rẹ irin náà, Ọ̀gá,” ni mo wí. “Wọ́n kọ́ wa bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì. Bó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, á rẹ̀ ẹ́, á sì ṣẹ́.”

“Láàárín oṣù mẹ́ta?” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú mi, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. “Irin kọ́ ló rẹ̀. Èyí ló rẹ̀.”

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà náà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bá a ṣa nọ́ọ̀tì náà sínú agolo.

Ọdún 1977 ni. Mo wà ní ọdún kẹta mi ní yunifásítì ní Cocody, físíìsì ni mò ń kọ́, n kò sì lè rí ohun tó bàjẹ́ kí n gbé ẹsẹ̀ mi kọjá lórí rẹ̀. Bí aago ògiri bá dúró, èmi ni màá tú u. Bí rédíò bá ń hó, èmi ni. Bí ohun náà kò bá sì bàjẹ́, mo lè tú u kí n lè mọ ìdí tí kò fi bàjẹ́. Ìyá mi máa ń sọ pé àfi kí wọ́n so ọwọ́ mi mọ́ àga kí n tó jókòó jẹ́jẹ́.

Bàbá Lazare jẹ́ àgbà nínú ìjọ wa ní Marcory. Ọmọ Pọ́bẹ̀ ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní èbúté, lẹ́bàá àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù láti inú ọkọ̀ òkun, ariwo wọn ló sì gba etí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ní láti kígbe. Ọwọ́ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń padà sílé ló ti ra Rover náà, gbogbo wa sì mọ̀ pé lẹ́yìn Màmá Georgette, ìyàwó rẹ̀, kò sí ohun tó fẹ́ràn tó o.

Ẹni tí kò gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, báwo ló ṣe máa mọ ìgbà tó yẹ kó yí gíà? Ọ̀gá Bachirou ló wá ọgbọ́n rẹ̀. Aago kan wà níwájú awakọ̀ nínú mọ́tò náà, ó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Compte-tours là ń pè é. Bachirou mú ọ̀dà pupa, ó fi kán ojú kan sórí gíláàsì rẹ̀, ní ibi tí a kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ààbọ̀ sí. “Bí ọwọ́ aago bá dé ibi pupa, Bàbá, ẹ yí gíà. Kó tó débẹ̀, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu.” Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Lazare ti ń fi ojú gbọ́ ohùn mọ́tò rẹ̀. Kò sì bà á jẹ́ rí.

Èmi ni mo dé.

Ní oṣù kejì ni atukọ̀ òkun kan tó ti Marseille wá fi àpótí kékeré kan hàn mí ní èbúté. Iná ẹ̀rọ tuntun ni, ti transistor, tí wọ́n ń fi rọ́pò irin kékeré méjì tó máa ń kan ara wọn láti dá iná sínú ẹ́ńjìnnì. Ara mi kò balẹ̀ mọ́. Mo lọ bá Bàbá Lazare. Mo mọ̀ pé Rover náà kì í tètè dáhùn ní òwúrọ̀ tí òjò bá rọ̀.

“Á máa dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!” mo kígbe sí i létí.

“Bíi ti ìyàwó mi?” ó bi mí.

“Èmi wo ló dá ọ lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí?” Màmá Georgette dáhùn láti inú ilé ìdáná. Bàbá kò gbọ́. Ó gbà fún mi.

Mo fi àpótí náà sí i. Mọ́tò náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ compte-tours náà sùn sórí òdo, kò mira.

Bàbá Lazare wò ó, ó wò mí. “Túndé, o wo ẹsẹ̀ mi sàn, o wá di mí létí.”

Ọjọ́ mẹ́rin ni n kò ronú nípa ohun mìíràn. Mo tú aago náà. Mo rí i pé wáyà tó ń gbé iná lọ sí ẹ́ńjìnnì gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó yí irin kékeré kan ká. Bí iná bá ti ń já tó ń so nínú wáyà yẹn ni aago náà ń kà á. Àpótí tuntun mi ń já iná ní ọ̀nà tirẹ̀, ìró rẹ̀ kò lágbára tó, aago náà kò sì rí i. Mo yí wáyà náà ká irin yẹn lẹ́ẹ̀mẹta dípò ẹ̀ẹ̀kan. Mo ṣáná sí mọ́tò. Ọwọ́ aago náà gbéra nílẹ̀, ó sì dúró síbi tó yẹ kó dúró gan-an. Mo pariwo bí ẹni tí wọ́n bímọ fún.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bàbá Lazare mú mi dúró lójú gbogbo ìjọ. “Ẹ wo professeur wa! Mọ́tò tí òyìnbó ṣe, ọmọ tiwa ló tún un ṣe.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Orí mi wú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo gba mọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi ìṣirò dán aago wò. Ẹni tó bá mọ gíà tó wà nínú rẹ̀ àti eré tó ń sá lè ṣírò iye tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Nínú gíà kẹta, ní ọgọ́ta kìlómítà, aago àti ìṣirò mi bára mu. Mo jáde sí ọ̀nà Bassam, mo sá ọgọ́rùn-ún. Ìṣirò mi ní quatre mille trois cents, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé ọ̀ọ́dúnrún. Aago ní trois mille cinq cents, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ péré.

Mo mọ ìdí rẹ̀ kí n tó dé ibi tí mo ti máa yí padà. Bí eré bá ti ń pọ̀ ni ìró iná náà ń tẹ́ẹ́rẹ́, aago náà sì ń fo àwọn kan láì kà wọ́n. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré tó ni aago ṣe ń parọ́ tó.

Mo gbé mọ́tò padà. Bàbá Lazare dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bi mí: ṣé ó dára? Mo mi orí, mo ní ó dára. Mo sọ fún ara mi pé àgbàlagbà kì í sáré. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá ti ṣe ìdánwò tán, màá tún un ṣe. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò lè dúró níwájú àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún mi kí n ní mo ṣì í.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, òun àti Màmá Georgette ń lọ sí Bassam. Wọ́n bá ọkọ̀ agbégẹdú kan lọ́nà, Bàbá fẹ́ yà á sílẹ̀. Gíà kejì ló wà, ó sì tẹ iná. Màmá Georgette ní mọ́tò náà ń ké bí ẹranko. Ó fọwọ́ gbá èjìká ọkọ rẹ̀, ó kígbe. Bàbá nawọ́ sí aago: “Kò tíì dé ibi pupa.” Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì náà ti fọ́. Mọ́tò dákú lójú títì, ọkọ̀ agbégẹdú náà sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn pẹ̀lú igi ńláńlá mẹ́ta. Awakọ̀ rẹ̀ yà sínú igbó kó má baà gùn wọ́n. Kò sí ẹni tó kú. Takisí kan tó kó ọsàn ló gbé wọn padà sí Marcory, láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ Màmá Georgette kì í ti í dúró sójú kan tó bá di ife mú.

Kò sí ẹni tó rántí aago. Bachirou ló tú ẹ́ńjìnnì náà tó sì tún un tò ní janvier, gbogbo ẹnu sì wà lórí rẹ̀. Bàbá Lazare fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú ìjọ pé, “Ọ̀rẹ́ mi ti dàgbà jù fún iṣẹ́ yẹn, ó kù díẹ̀ kó sọ mí di opó.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo kúrò ní gáréèjì lọ́jọ́ Sátidé tí Bachirou ka nọ́ọ̀tì náà, Ìyá Nimotou, ìyàwó Bachirou, tẹ̀ lé mi dé ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì gbaka ti ń kó èrò.

“Bá mi bá a sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ tìrẹ,” ó wí. “Ó ti pín irinṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní tó bá kírun Jímọ̀ tán, ọkọ̀ Ẹjìgbò lòun ń wọ̀.”

“Ẹjìgbò? Ó ń padà sílé?”

“Ó ní ọwọ́ tó lè pa Bàbá Lazare àti ìyàwó rẹ̀, kò yẹ kí òun fi kan mọ́tò ẹnikẹ́ni mọ́. Ogójì ọdún, Túndé. Kí ló fẹ́ ṣe ní Ẹjìgbò? Kò mọ ọkọ́ dì mú.”

Mo ní màá bá a sọ̀rọ̀. Gbaka dé, mo sì wọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, ní Yorùbá, nítorí pé Bíbélì Yorùbá ni Bàbá Lazare ń kà. Mo rò ó pé bó bá kà á, ojú mi kò ní sí níbẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn mo bá a níwájú ilé ìjọsìn, mo fi ìwé náà lé e lọ́wọ́, mo ti yí ẹ̀yìn padà.

“Lẹ́tà? Ta lo fẹ́ fẹ́?” ó pariwo. “Padà wá. Jígí mi wà nílé. Kà á fún mi.”

Mo kà á, ohùn mi wálẹ̀.

“Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ ni, àbí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ? Gbé ohùn sókè!”

Àwọn akọrin ń ká aṣọ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Màmá Georgette ń kí àwọn obìnrin. Mo ká ìwé náà.

“Bàbá, aago yín ń parọ́!” mo kígbe. “Èmi ni mo bà á jẹ́! Ọ̀gá Bachirou kò ṣe nǹkan kan! Nọ́ọ̀tì rẹ̀ kò tú! Ẹ sá eré náà kọjá agbára ẹ́ńjìnnì nítorí ohun tí aago sọ fún yín, mo sì ti mọ̀!”

Àwọn akọrin dáwọ́ aṣọ kíká dúró.

“O ti mọ̀ láti ìgbà wo?” Bàbá Lazare rọra béèrè.

“Ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó lọ sí Bassam.”

“Ìyàwó mi jókòó sínú mọ́tò yẹn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

Màmá Georgette wò mí. N kò lè wo ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò. Bàbá Lazare yọ fìlà rẹ̀, ó fi nu ojú. “Bachirou ńkọ́? Ṣé o ti sọ fún un?”

“Rárá.”

“Ohun tí mo fi ẹnu mi sọ nípa ọkùnrin yẹn,” ó wí, kò sì parí rẹ̀. “Pe takisí.”

Bachirou jókòó sórí táyà nígbà tí a dé Adjamé. Bàbá Lazare kò jẹ́ kó dìde, òun ló bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ orí rẹ̀, ó ní kó foríjì òun. Bachirou gbé e dìde kánkán. “Ó ti tán, Bàbá. Ó ti tán láàárín èmi àti yín.”

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi. Ó gbọ́ àlàyé mi láti orí títí dé ìdí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì bi mí: bí aago bá sọ pé quatre mille, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, mélòó ni òótọ́? Mo ní ó lé ní cinq mille, ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Bó bá wá sún mọ́ ibi pupa? Mo ní ó lé ní six mille, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Ó mú ọ̀pá tó ṣẹ́ náà, ó yí i lọ yí i bọ̀.

“Àná, o dúró síbí,” ó wí. “Mò ń ka nọ́ọ̀tì, o ń wò mí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá.”

“O ní irin ló rẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“O wá bá mi ṣa wọ́n.”

Ìyá Nimotou ní kó jẹ́ kó tó. Bachirou kò wojú rẹ̀.

“N kò ní lọ lọ́jọ́ Jímọ̀,” ó wí. “Ṣùgbọ́n n kò ní irinṣẹ́. Ó wà lọ́wọ́ ẹni márùn-ún. Lọ gbà wọ́n wá. Má sọ fún wọn pé Bachirou yí ọkàn padà o. Ìdí tí mo fi fún wọn ní irinṣẹ́ mi ni kí o sọ, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ní ojú ẹni tó bá wà níbẹ̀.”

Ọ̀dọ̀ Oumarou ni mo kọ́kọ́ lọ, ní ẹ̀yìn ibùdókọ̀. Ó fa ara rẹ̀ jáde lábẹ́ gbaka kan, ó nu ọwọ́, ó rẹ́rìn-ín sí mi. “Étudiant yunifásítì! Kí lo tún wá tú?” Mo ní àpótí sípánà Ọ̀gá Bachirou ni mo wá gbà. Ó bi mí pé kí ló dé. Àwọn mẹkáníìkì tó kù dáwọ́ iṣẹ́ dúró, mo sì sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, títí kan ẹ̀rín tí mo rín.

Ó gbọ́ tán. Ó padà wọ abẹ́ gbaka rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ àpótí náà yọ jáde lábẹ́ mọ́tò: ẹsẹ̀ ló fi tì í sí mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e. Ó wúwo. Ó ku ẹni mẹ́rin.