Swámíjì Lẹ́nu Ọ̀nà Ìyá Rẹ̀

"Ọmọkùnrin tí ò ń béèrè yẹn ti kú," ni Swámì Meghendra wí, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀ kó lè tutù. "Èmi fúnra mi ni mo sin ín."

Monísọ́lá dá bírò rẹ̀ dúró. Lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, Akínbámi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbójú kúrò nínú fóònù tó ti ń wò láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé.

Bàbá náà rí ojú wọn, ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé nínú ẹ̀sìn Híńdù, ẹni tó bá fẹ́ di ajẹ́jẹ̀ẹ́ tó kọ ayé sílẹ̀ bíi tòun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìsìnkú ara rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé ti bá a lọ nìyẹn, àti ìdílé, àti ogún. Ẹni tó bá tún ń pe orúkọ yẹn, òkú ló ń dà láàmú.

Orúkọ yẹn gan-an ni Monísọ́lá wá gbọ́ ní Rundle, àdúgbò kan nílẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ń gbé, lówùúrọ̀ Sátidé yẹn. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ thesis rẹ̀ ní yunifásítì lórí ìgbésí ayé bàbá yìí àti àwọn ìwé rẹ̀. Ó mọ èyí tó kọ lórí Sanskrit, ó sì mọ ewì rẹ̀ tí wọ́n ti túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì débi pé ó lè kà wọ́n láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n supervisor rẹ̀ ní orí kìíní kò tíì pé, torí kò sí ìgbà èwe nínú rẹ̀. Bàbá náà sì ń padà sí India lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Basement ìdílé kan tó gbà á lálejò ló ti lo gbogbo ìgbà òtútù, wọ́n sì ti di báàgì rẹ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nílẹ̀. Màmá wọn ní Abẹ́òkúta ti gbọ́ pé ọmọ òun obìnrin ń jókòó ti ẹlẹ́sìn mìíràn. Ó pe Akínbámi pé kí ó lọ fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí ó sì sọ fún òun lónìí bóyá ọmọ náà ṣì jẹ́ ti Jésù. Ẹnjiníà ni Akínbámi, díákónì sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ilé rẹ̀ ní Seton, lápá mìíràn ìlú náà, ni Monísọ́lá ń gbé. Ó ti wa mọ́tò kọjá nínú snow láìsọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń lọ bá wọn parí ìjà. Bó bá ní kí àbúrò òun wá nǹkan mìíràn kọ, ta ni Monísọ́lá fẹ́ kọ̀ fún?

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Monísọ́lá dé bírò rẹ̀, ó ń wá gbólóhùn tí òun yóò fi dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Ìyá yín ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ ti kú?"

Monísọ́lá yíjú sí i kíá. Kò sí ìwé kan nínú gbogbo èyí tó kà tó béèrè irú ìyẹn.

Swámì gbé ife sílẹ̀. Ó wo fèrèsé kékeré tó wà lókè, níbi tí snow ti bo gíláàsì dé ìdajì. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní lẹ́yìn ìsìnkú yẹn, òun kò gbọdọ̀ wólẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nílé mọ́. Bàbá òun pàápàá ni yóò máa wólẹ̀ fún ọmọ. Ẹnì kan péré ni òfin yọ sílẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ́ tó lè mú ìyá kúrò.

Ó wá sọ fún wọn pé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ìrìn gbé òun gba ìlú òun kọjá. Òun dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá òun pẹ̀lú abọ́ tí òun fi ń tọrọ oúnjẹ, bí òun ṣe máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ènìyàn. Ìyá jáde. Ó wò ó. Kò lè pe orúkọ, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá pè é, ọmọ òun lè yẹ̀ lórí ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Ó wọlé, ó gbé ìkòkò jáde. Ìrẹsì ṣíbí kan ni àwọn onílé yòókù máa ń fún alágbe. Abọ́ kún, ìrẹsì ń dà sí i lẹ́sẹ̀, ìyá kò dáwọ́ dúró. Ọwọ́ bàbá náà ń lọ, ó ń bọ̀ nínú afẹ́fẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ó di ojú, ó ka ìlà mélòó kan ní èdè Gujarati. Ó ní òun kò tíì fi ewì yẹn sínú ìwé kankan. Lẹ́yìn náà ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Monísọ́lá kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó kà á, kò dùn bó ṣe dùn létí rẹ̀. Láìrò ó tẹ́lẹ̀, ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Yorùbá pé obìnrin náà kò béèrè orúkọ, ó fún òun ní oúnjẹ.

Akínbámi mi orí. "Kì í ṣe 'fún'. Wo ọwọ́ bàbá. Ó ń bù ú ni."

Monísọ́lá tún un sọ:

Kò bi mí lórúkọ, kò pè mí lọ́mọ.
Ó bu ìrẹsì, ó bu ọbẹ̀, ó tún ń bù,
ọwọ́ rẹ̀ ló ń pè mí.

Bàbá náà ní kí ó tún un kà. Kò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ ó tẹ orí ba, ó ń gbọ́ ọ. Ó ní òun gbọ́ ìró ṣíbí nínú rẹ̀.

"Ọmọkùnrin yẹn, fi í sílẹ̀ níbi tí mo sin ín sí," ó sọ fún Monísọ́lá. "Ṣùgbọ́n o lè kọ nípa ìyá náà."

Nínú mọ́tò, bí yìnyín ojú gíláàsì ṣe ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, Akínbámi pe Abẹ́òkúta, ó sì ṣí ohùn fóònù sílẹ̀ kí àwọn méjèèjì lè gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rárá. Ó ní kí Mọ́mì gbọ́ nǹkan kan, ó sọ ìtàn náà ní ṣókí, ó sì ní kí Monísọ́lá ka ewì.

Monísọ́lá kà á tán.

"Ìyá yẹn," ni màmá wọn béèrè, "ṣé ó sunkún?"

Monísọ́lá ní bàbá kò sọ fún àwọn.

"Kò ní sunkún níwájú rẹ̀. Á jẹ́ kó lọ ná."

Màmá wọn béèrè bóyá wọ́n ti jẹun, ó ní kí wọ́n bá òun kí bàbá náà, ó sì ní ó dàárọ̀, torí ilẹ̀ ti ṣú ní Abẹ́òkúta. Akínbámi rọra wa mọ́tò jáde sójú títì, ó ń kọrin sínú.

Monísọ́lá kọjú sí fèrèsé. Pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ló ń rí lọ́kàn rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kúrò nílé wá síbí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bojú wẹ̀yìn kí ó tó wọlé lọ. Ẹ̀rín ni ìyá rẹ̀ ń rín.